Paadi Ọlọ́wọ́ Òsì

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni ìfẹ́ gbà wọ inú ara mi, n kò ní sọ pé ojú, n kò sì ní sọ pé ọkàn. Àtàǹpàkò òsì mi ló gbà wọlé.

Nímọ́tà ni orúkọ mi. Makera ni wọ́n bí mi sí, ní Kàdúná, nínú ilé kan tí igi dógónyárò méjì ṣíji bò lójú ọ̀nà. Bàbá mi, Alhaji Gàfárù, ọmọ Ọ̀fà, ni fóòmánù ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Kakuri. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo, kì í na ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rin, tó rí i pé òsì ni mo fi ń mú ṣíbí, ó ya lára àjákù aṣọ funfun tó máa ń kó bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó sì fi di ọwọ́ òsì mi mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láràárọ̀ ló ń dì í, nírọ̀lẹ́ ló ń tú u, fún odindi ọdún kan.

"Nímọ́tà," ni yóò máa wí bó ti ń rọra ta kókó rẹ̀, "a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ yìí bá gbàgbé, màá tú u."

Ọwọ́ náà kò gbàgbé. Ó kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́ ni. Ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, ìwé náà a rí bí ẹni pé adìẹ rìn kọjá lórí tákàdá. Ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, ọ̀tún ni mo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ní gbogbo Makera, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọmọ Alhaji Gàfárù ń lo òsì. Àṣírí ilé wa ni, a bò ó bí ẹni fi eérú bo iná.

Ibì kan ṣoṣo tó ti máa ń fẹ́ jò síta ni iwájú géèmù. Àbúrò bàbá mi kan ló gbé géèmù náà bọ̀ láti Jeddah kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí à ń sọ yìí, ìparí ọdún 1994, ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti gbàgbé irú rẹ̀, tuntun ni wọ́n ń sọ. Èmi kò lè gbàgbé rẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń wá ọ̀nà ilé. Òkè méje ló gbọ́dọ̀ fò kọjá. Láti ìgbà tí mo ti ń ta géèmù yẹn, orí òkè kẹta ni ẹyẹ mi ń kú sí.

"Ó tún ti kú!" Ganiat ni yóò pariwo bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni, ògiri kan ló la ilé wa àti tiwọn, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. "Wallahi, Nímọ́tà, ẹni tó bá fún ẹ ní adìẹ sìn ti fi ṣòfò."

Lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ẹyẹ nìkan ló kú. Paadi tí a fi ń darí rẹ̀ náà kú. Mo tẹ bọ́tìnnì títí, kò dáhùn.

Ganiat ní, "Mo mọ ẹnì kan ní Mando. Paadi nìkan ló ń tún ṣe. Wọ́n ní bó bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó jí."

"Mando? Láti Makera?"

"Ẹyẹ ẹ ló ń wá ọ̀nà ilé, kì í ṣe ẹyẹ tèmi. Wọ bàtà."

*

Ọyẹ́ ti bo gbogbo ìlú lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀sì wa kọjá lórí afárá, odò Kàdúná kò sì hàn nísàlẹ̀. Funfun ló wà níbẹ̀, bí ẹni tẹ́ òwú gbígbọ̀n láti etí kan dé ìkejì.

Kióòsì onípáànù kan ni, lẹ́bàá títì Mando, kò tóbi ju ilé ìdáná wa lọ. Àwọn paadi so rọ̀ láti òkè lórí waya wọn bí àdán tó ń sùn lọ́sàn-án: dúdú, eléérú, aláwọ̀ pupa, àwọn tí bọ́tìnnì wọn ti yọ bí eyín ọmọdé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sáàárín wọn, ó tẹrí ba lórí tábìlì, èéfín tín-ín-rín kan sì ń gòkè níwájú rẹ̀ láti ẹnu irin gbígbóná tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì. Bí ẹni ń sun tùràrí ló rí lójú mi.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó wí láìgbójú sókè. "Ta ló kú?"

"Paadi wa ni," mo dáhùn.

Ìgbà yẹn ló gbójú sókè. Ẹ̀yin tó ti fẹ́ràn èèyàn rí, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́.

Abdulkareem ni orúkọ rẹ̀. Ó gba paadi lọ́wọ́ mi, ó fi sukudirífà tú àwọn ìdè kéékèèké ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdè kan yí kúrò lórí tábìlì. Kó tó dé ilẹ̀, mo ti mú un. Mo pààrọ̀ ọwọ́ kíákíá, mo sì fi ọ̀tún nà án sí i.

Kò gbà á. Ó ń wò mí.

"Kí ló dé tó o fi pààrọ̀ ọwọ́?"

"N kò pààrọ̀ nǹkan kan."

"Òsì lo fi mú un, ó yá bí ológbò. Ọ̀tún lo wá fi ń fún mi. Ó ń gbọ̀n."

Mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó ń gbọ̀n lóòótọ́.

Ganiat bọ́ sáàárín. "Haba, bùrọ̀dá! Paadi la gbé wá kí ẹ tún ṣe, a ò sọ pé kí ẹ tún ọmọ ọlọ́mọ ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi rọ́bà inú paadi hàn wá, bó ṣe jẹ dànù nísàlẹ̀. Ó gé bébà dídán inú páálí sìgá bí èékánná ọmọ tuntun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí rọ́bà náà, ó ní òun ni yóò máa gbé iná kọjá báyìí. Lẹ́yìn náà ó so paadi mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, ó ní kí n dán an wò. Mo rò pé ẹyẹ ni yóò máa wò. Ọwọ́ mi ló ń wò. Ẹyẹ mi dé òkè kẹta, ó já bọ́.

"Ṣé o rí i?" Ganiat ní. "Bó ṣe ń ṣe nílé nìyẹn. Òṣìkà ni."

Kareem mi orí. "Paadi ni kò mọ ọwọ́ rẹ. Ẹni tó ṣe é, ọlọ́wọ́ ọ̀tún nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀." Ó fi ìka sí bọ́tìnnì dúdú tó ní apá mẹ́rin, èyí tó ń darí ẹyẹ sókè, sísàlẹ̀, síhìn-ín, sọ́hùn-ún. Oríta ló ń pè é. "Ó fi oríta sí òsì, ó fi bọ́tìnnì ìfò sí ọ̀tún. Àtàǹpàkò rẹ tó mọ ìgbà tó yẹ kí ẹyẹ fò, oríta ló ń ṣọ́. Èyí tí kò mọ̀ ló ń fò. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láyé. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.

Ó fa òwú dúdú kan yọ nínú dúrọ́ọ̀. Kò fọwọ́ kàn mí o. Ọmọ ilé kéwú ni, ó mọ ààlà. Ganiat ló na òwú náà sí. "Àǹtí, ẹ bá mi wọn àtàǹpàkò òsì ọ̀rẹ́ yín. Láti ìdí dé orí. Ẹ ta kókó síbi tó bá dé."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ṣáà wọ̀n ọ́n."

Ganiat wọ̀n ọ́n. Òwú náà yí àtàǹpàkò mi ká, mo sì rí i bó ṣe gba kókó yẹn bí ẹni gba òrùka. Láti ọjọ́ náà ni Ganiat ti di alárinà wa, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ alárinà wà ńlẹ̀.

*

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Kareem ránṣẹ́ pè wá. Nígbà tí mo dé, aṣọ pupa kan ló ṣí kúrò lórí paadi tuntun kan.

Igi ni. Igi mọ̀gáánì tó gbà lọ́dọ̀ káfíńtà kan ní Kudenda, ó fi gíláàsì fá a títí ara rẹ̀ fi jọ awọ. Oríta wà ní ọ̀tún. Bọ́tìnnì ìfò méjì wà ní òsì, ó gé wọn láti ara ọwọ́ ife tó ti fọ́. Ó jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ òsì ga ju ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ díẹ̀.

"Mo rò pé ẹ kàn máa yí i po ni," mo wí.

"Bí mo bá yí i po, òkè a di ìsàlẹ̀, ẹyẹ a máa forí sọlẹ̀. Waya mẹ́fà ni mo já, tí mo tún wọn so lọ́kọ̀ọ̀kan. Paadi méjì ló kú kí ọ̀kan yìí tó yè." Ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nu ọwọ́, ojú ń tì í. "Gbé e."

Mo gbé e. Àtàǹpàkò òsì mi lọ sí bọ́tìnnì bí ẹni tó mọ ilé. Ẹyẹ gbéra. Òkè kìíní, òkè kejì. Ní òkè kẹta mo di ojú mi, mo tẹ̀ ẹ́.

"Nímọ́tà, lajú!" Ganiat ń lu èjìká mi. "Lajú, ó ti kọjá! Kai! Ó ti kọjá!"

Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, odò kan wà tí n kò rí rí, aláwọ̀ búlúù, ẹyẹ mi sì ń fò lókè rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Omi bọ́ lójú mi.

"Ta ló ń sunkún nítorí géèmù?" Ganiat bi Kareem léèrè. Omi ń bọ́ lójú tiẹ̀ náà. Ó ní èéfín lẹ́ẹ̀dì ni.

*

Ọdún kan gbáko lẹ́tà wa gbé inú paadi òkú rìn. Kareem ti kó ìfun paadi kan jáde, ó ku èèpo rẹ̀ lásán, inú rẹ̀ là ń fi lẹ́tà sí. Ganiat a gbé e lọ sí Mando pé ó bàjẹ́, a gbé e bọ̀ pé wọ́n ti tún un ṣe. Ìyá mi tilẹ̀ ní, "Paadi wo ni èyí tó ń ṣàìsàn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé?" Ganiat ní, "Màmá, ikọ́ ń ṣe é."

Mo rántí lẹ́tà kan dáadáa. Ó kọ ọ́ pé: *Ọkùnrin kan wá láti Kawo lónìí, ẹ̀rọ ti gé ìka rẹ̀ méjì. Ó ní òun fẹ́ bá ọmọ òun ta géèmù. Mò ń wọn ọwọ́ rẹ̀, mò ń rántí rẹ. Nímọ́tà, n kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun kan ṣoṣo fún gbogbo ọwọ́, tí wọ́n á sì máa bá ọwọ́ tí kò bá a mu wí.*

Lẹ́ẹ̀kan, a jọ rìn lẹ́bàá odò, Ganiat ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn wa ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Oòrùn ti ń rọ̀, omi pọ́n bí osùn. Kareem ní, "Jẹ́ kí n wá rí Bàbá." Mo mọ Bàbá mi. Mo sì mọ̀ pé n kò sọ fún Kareem rí pé àṣírí ni òsì mi jẹ́ nílé wa. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wo omi. Mo ní, "Máa bọ̀."

Ìyẹn ni àṣìṣe tèmi.

*

Bàbá Kareem ti kú, àbúrò bàbá rẹ̀, Alhaji Abdulwahab, ló mú un wá ní ọjọ́ Àìkú kan. Lèmọ́mù àdúgbò wà lọ́dọ̀ Bàbá mi pẹ̀lú. Wọ́n kí ara wọn pẹ́. Èmi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?" Bàbá mi béèrè.

"Mò ń ṣe paadi géèmù, sà. Mò ń tún un ṣe, mo sì ń ṣe tuntun."

Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. "Géèmù? Ti ọmọdé? Tí ìyàwó bá wá ní kó o mú ohun jíjẹ wá, ṣé ẹyẹ inú tẹlifíṣọ̀n lo máa pa fún un ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí Kareem náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dé ilẹ̀. Ó fẹ́ gbèjà iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ yin mí níwájú bàbá mi, bí ọkọ ìyàwó ṣe ń yin ìyàwó. Ó ní:

"Kì í ṣe ti ọmọdé nìkan, sà. Nímọ́tà ni mo ṣe èyí tó dára jù fún. Àní, ọwọ́ òsì rẹ̀, sà! Láti ìgbà tí mo ti ń wọn ọwọ́ èèyàn, n kò rí ọwọ́ òsì tó já fáfá tó bẹ́ẹ̀ rí."

Lèmọ́mù yíjú sí Bàbá mi. Alhaji Abdulwahab na ẹsẹ̀, ó tẹ Kareem lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́.

Bàbá mi ní, "Ọmọ mi kì í lo òsì." Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó rọ̀ jù. "Nímọ́tà! Gbé omi fún àwọn àlejò."

Mo mọ ìdí tó fi pè mí. Ó fẹ́ kí wọ́n rí ọ̀tún mi. Mo gbé tíréè jáde, mo kúnlẹ̀, mo fi ọ̀tún gbé ife fún Lèmọ́mù. Ọ̀tún náà ń gbọ̀n. Ife yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Níwájú gbogbo wọn, òsì mi jáde láti abẹ́ ìborùn, ó sì gba ife lófuurufú, omi kò dà ju ẹ̀kán mẹ́ta lọ.

Bàbá mi dìde.

"A ti gbọ́ o, Alhaji. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó na ọwọ́ sí mi láìsọ̀rọ̀. Mo gbé paadi onígi fún un. Ó tì í mọ́ inú àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "O ò ní dé Mando mọ́," ó wí. Kò bínú. Ìtìjú ló wà lójú rẹ̀, ó sì dùn mí ju ìbínú lọ.

*

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló tún dé nínú paadi òkú. *Èmi ni mo tú àṣírí ilé yín. N kò mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni. N kò ní jí ọ gbé, n kò sì ní máa bá ọ pàdé lẹ́yìn Bàbá. Ọjọ́ tó bá ránṣẹ́ pè mí ni màá wá. Títí di ìgbà náà, òwú rẹ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.*

"Kí ló túmọ̀ sí?" Ganiat bínú. "Ta ní ń dúró de kí Bàbá ẹ ránṣẹ́? Bàbá ẹ tí kì í ránṣẹ́ pe dókítà!"

Oṣù mẹ́fà kọjá. Wọ́n ń sọ ti akọ̀wé ìjọba kan fún mi, ọmọ ilé ire, pé àwọn èèyàn rẹ̀ máa wá tọrọ mi lẹ́yìn Iléyá. Ìyá mi ní kí n tún orí ṣe. Mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ kan nígbà náà, bí mo bá sì rí ọmọ tó fi òsì mú ṣọ́ọ̀kì, mo máa ń yíjú kúrò kí n má bàa bá a wí. Nígbà mìíràn mo rò ó pé Kareem ti fi òwú mi ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà mìíràn mo máa ń rí ẹyẹ náà lójú àlá, lórí omi búlúù, tó ń fò yí ibì kan náà ká, tí kò rí ilé.

Iléyá ku ọjọ́ mọ́kànlá nígbà tí ẹnì kan kígbe ní ojú ọ̀nà wa.

"Bahago! Bahago, ṣé o wà nílé?"

Mo dúró gbagidi nínú ilé ìdáná. Ẹni tó bá dàgbà ní Kàdúná mọ̀ ọ́n: ọlọ́wọ́ òsì ni àwọn Hausa ń pè bẹ́ẹ̀. Mo rò pé èmi ni wọ́n wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Oyèdélé ni, tó bá Bàbá mi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ nígbà ọ̀dọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá dágbére. Ó sì ti rọ̀gbọ̀kú sórí àga kí Bàbá mi tó lè dá a lẹ́kun.

"Rọra, Oyèdélé. Ọmọ wà nílé."

"Kí ọmọ wà nílé! Gàfárù Bahago, ṣé mo purọ́ ni? Bí òwú bá já lórí ẹ̀rọ méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló ń fi òsì ta kókó rẹ̀ kí òyìnbó tó yíjú? A ó máa wò ọ́ bí ẹni wo idán. Ọwọ́ yẹn ló sọ ọ́ di fóòmánù. Jẹ́ kí ọmọ mọ ọwọ́ tó bọ́ ọ."

Mo ti dé ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo rí Bàbá mi: ó ti ki ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ inú àpò agbádá, gan-an bí èmi ṣe máa ń ki tèmi bọ abẹ́ ìborùn.

Nígbà tí àlejò lọ, mo wọlé, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ta ló di tiyín?"

Ìlẹ̀kùn ló ń wò.

"Ìyá bàbá mi ni. Ọdún mẹ́ta." Ó mí. "Okùn ló lò, Nímọ́tà. Èmi fi aṣọ rírọ̀ di tìrẹ."

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń rò pé aṣọ funfun yẹn ni ìyà. N kò mọ̀ pé òun ni àánú tó ní lọ́wọ́.

*

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé lẹ́yìn ìrun Alásárì. Òjò ti rọ̀, dógónyárò ń kán tó, tó. Mo gbọ́ ohùn kan láti pálọ̀, ohùn tó ń dún bí agogo kékeré. Ẹyẹ mi ni.

Bàbá mi jókòó sórí ẹní níwájú tẹlifíṣọ̀n, fìlà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Paadi onígi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbójú sókè. Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ńlá bo bọ́tìnnì méjèèjì, síbẹ̀ ẹyẹ ń lọ. Òkè kìíní. Òkè kejì. Ní òkè kẹta ó mí sínú, bí mo ṣe máa ń ṣe, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ kọjá sórí omi búlúù.

"Hẹn-ẹn," ó wí jẹ́ẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo rí sukudirífà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀.

"Mo tú u," ó wí. "Èmi kì í lo ẹ̀rọ tí n kò rí inú rẹ̀. Ọmọ yẹn mọ lẹ́ẹ̀dì í jó. Waya pupa kan ló gùn jù, wàá sọ fún un." Ó pa géèmù, ó tún tú ìdè paadi níṣojú mi, ó ṣí i. "Ṣé o ti rí èyí rí?"

N kò rí i rí. Pẹ́ńsùlù ni Kareem fi kọ ọ́ sára igi nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ fún ara rẹ̀: *Nímọ́tà. Àtàǹpàkò òsì, gẹ́gẹ́ bí kókó òwú. Gbé ẹ̀gbẹ́ òsì ga díẹ̀. Gé igi títí yóò fi bá ọwọ́ mu. Ọwọ́ kò ní àbùkù.*

"Àwọn ọkùnrin máa ń kọ irú èyí sínú lẹ́tà," Bàbá mi wí. "Sínú lẹ́tà, kí obìnrin lè rí i. Èyí kọ ọ́ síbi tí o ò ní rí i láé." Ó fi ìka òsì rẹ̀ ra ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ó ra á lẹ́ẹ̀mejì. "Pe ọ̀rẹ́ rẹ wá. Ẹlẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn."

Ganiat ti wà lẹ́yìn ògiri, ó ti ń gbọ́. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ó ti kúnlẹ̀ ní pálọ̀.

Bàbá mi fa òwú funfun kan yọ láti àpò, òwú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi wọn àtàǹpàkò òsì ara rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ó fi òsì náà ta kókó kan, ó yá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi kò bá a, ó sì na òwú sí Ganiat.

"Gbé e fún un ní Mando. Sọ fún un pé Gàfárù Bahago ló ránṣẹ́. Kí ó ṣe ọ̀kan fún èmi náà. Ọwọ́ mi tóbi ju ti ọmọ mi lọ."

"Bàbá," Ganiat ní, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, "bó bá bi mí pé ìgbà wo lẹ fẹ́ gbà á ńkọ́?"

"Òun àti Alhaji rẹ̀ ni kí wọ́n jọ gbé e wá. Lẹ́yìn Iléyá. Kí akọ̀wé yẹn jókòó sílé wọn."

*

Nínú ẹrù tí wọ́n gbé wá tọrọ mi, Kùránì wà, oyin wà, iyọ̀ wà, dàbínù wà. Paadi onígi ńlá kan sì wà láàárín wọn nínú aṣọ pupa. Lèmọ́mù wò ó, ó wo Bàbá mi, ó ní, "Alhaji, èyí ńkọ́?" Bàbá mi ní, "Tèmi ni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ nìkáà èmi àti Kareem, kí àwọn èèyàn tó kún inú ilé, mo wọ yàrá Bàbá mi lọ kó lè wúre fún mi. Mo kúnlẹ̀. Mo tẹrí ba. Mò ń retí ọ̀tún, bó ti máa ń rí láti kékeré.

Òsì ló gbé lé mi lórí. Ó wúwo, ó gbóná, kò sì gbọ̀n.